Bàbá tàbí Ìyá, Bàbá àti Ìyá

Nígbà tí Lúkù kọ́kọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù bàbá wa, táyà kẹ̀kẹ́ ló wá rà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ lísè, ilé ìwé girama, ní ẹ̀kọ́ ìtàn, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ Baoulé láti Languibonou ni. Ó ra táyà tán, kò lọ. Ó jókòó sórí àpótí kan, ó ń bi bàbá wa bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn láàárọ̀ ní èdè Anago, torí Anago ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Bouaké, ní ilẹ̀ Kodivúà. Lọ́sẹ̀ kejì ó tún dé, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó bàjẹ́ lára kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi Sèlíátù ló ń bá bàbá wa tajà nígbà náà. Gbogbo wa mọ ohun tó wá rà.

Bàbá wa, Ìbráímọ̀, kò fẹ́. Kì í ṣe pé ó kórìíra ọmọkùnrin náà. Kumasi ni bàbá wa ti kó ilé rẹ̀ dé Bouaké lọ́dún 1969, nígbà tí ìjọba Gana ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé máa bá tiwọn lọ. Ọmọ kékeré ni Sèlíátù, èmi Bàṣírátù ṣì wà nínú oyún. Àwọn aládùúgbò tí wọ́n ti ń bá ìyá wa jẹun látọdúnmọ́dún ni wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń ná bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nígbà tó ṣì jókòó lórí rẹ̀. Bàbá wa kì í sábà sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò gbàgbé.

"Mo lè bá ọmọ onílẹ̀ ṣọ̀rẹ́," ó sọ fún ìyá wa. "N kò mọ̀ bóyá mo lè fún un lọ́mọ."

Ìyá wa ló ń bá a sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ọkàn rẹ̀ fi rọ̀. Lúkù fúnra rẹ̀ kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá, ó dọ̀bálẹ̀ bí ó ṣe rí i táwọn ọmọkùnrin ilé wa ń ṣe, ó sì fi Yorùbá tó kọ́ lórí àpótí yẹn sọ pé òun wá kí àná òun. Àná kọ́ ló fẹ́ sọ, àna ni. Bàbá wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Inú ẹ̀rín yẹn ni ìgbéyàwó náà ti jáde.

Ká sọ tòótọ́, ọkọ rere ni Lúkù jẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́pọ̀ ọdún. Ó jẹ́ kó máa kírun. Ó jẹ́ kó sọ àwọn ọmọ ní orúkọ tó wù ú, Azeezah lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà Nasrullah. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé wọn ní àdúgbò Broukro, tí ọ̀rọ̀ bá sì kù sí Lúkù lẹ́nu, á fi Faransé parí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gé iye owó sẹ́fà tí à ń ná sí méjì, tí owó oṣù àwọn olùkọ́ sì ń falẹ̀, bàsíà àti ìkòkò tí ẹ̀gbọ́n mi ń tà ní ọjà ńlá ló bọ́ ilé náà. Lúkù kò fi pamọ́. Ó máa ń sọ ọ́ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ìyàwó mi ló ń bọ́ mi, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí bàsíà tán láyé."

Àárín ìgbà ọ̀wọ́n yẹn náà ni ọ̀rọ̀ ivoirité gbòde, pé àwọn ọmọ Kodivúà kan wà tí wọ́n jẹ́ ojúlówó, àwọn yòókù sì wà bákan ṣáá. Iṣẹ́ kò sí, kòkó kò lówó lórí, ẹni tó bá ń wá ẹni tó fa ìyà òun kò ní rìn jìnnà kó tó rí ṣọ́ọ̀bù Anago tàbí ti àwọn Jula, oníṣòwò ará àríwá. Nígbà táwọn sójà wá gbàjọba nígbà tí Kérésì ku ọ̀la, a jó. Mo jó pẹ̀lú wọn. A rò pé ọ̀rọ̀ yẹn ti bá ìjọba àtijọ́ lọ.

Àwọn sójà ní àwọn máa ṣe òfin tuntun fún orílẹ̀-èdè, kí gbogbo ènìyàn sì dìbò bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe olórí orílẹ̀-èdè, ṣé kí bàbá rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀ jẹ́ ojúlówó ọmọ Kodivúà ni, àbí kí bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ní Faransé, ọ̀rọ̀ kékeré méjì ni: ou ni tàbí, et ni àti. Gbogbo ìlú pín sí méjì lórí wọn. Ní ọjà, àwọn tí kò lè kọ orúkọ ara wọn ń bi ara wọn ní èdè Jula pé, "Ìwọ, ṣé ou ni ẹ́ àbí et?" Mo rí àwọn alápatà méjì tí wọ́n fi ọ̀bẹ sílẹ̀ kí wọ́n lè ráyè bú ara wọn lórí rẹ̀.

Lúkù wà níwájú àwọn tó ń jà fún ou. Ó ń lọ láti àdúgbò dé àdúgbò, bó bá ti jáde ní lísè. Mo lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tó wá sí Dougouba, níbi tí èmi àti bàbá wa ń gbé. Ó sọ Faransé, ó sọ Jula, nígbà tó yá ó ké sí Azeezah pé kó bọ́ síwájú. Ọmọ náà ti ń lọ sí ọdún mẹ́rìndínlógún, ojú ń tì í, ó ń fọwọ́ tún ìbòrí rẹ̀ ṣe. Bàbá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Ẹ wò ó dáadáa," ó ní. "Ọmọ mi nìyí. Baoulé ni mí, Anago ni ìyá rẹ̀. Bouaké níbí ni wọ́n bí i sí, kò mọ ìlú mìíràn. Ta ló fẹ́ sọ fún mi pé ìdajì ọmọ ni mo bí?"

Àwọn ènìyàn hó. Àlàájì Àwáàlù, tó jẹ́ àgbà fún gbogbo àwa Yorùbá àdúgbò náà, dìde, ó sì ṣàdúrà fún un níwájú gbogbo èrò. Ẹ̀yìn ni ẹ̀gbọ́n mi dúró sí. Mo rí i tó ń fi etí ìró nu ojú, tó sì ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn fún bàbá wa, ó gbé ohun tó ń ṣe sílẹ̀.

"Ó ṣe ọkùnrin," ó ní.

Ìdìbò kù díẹ̀ nígbà tí ìjọba yí ọ̀rọ̀ náà padà. Wọ́n yọ ou kúrò, wọ́n fi et sí i. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ńláńlá tí a rò pé wọ́n máa kọ̀ ọ́, ńṣe ni wọ́n ní káwọn ènìyàn wọn ṣì lọ dìbò bẹ́ẹ̀ ni, káwọn sójà lè tètè padà sí bárékè. Kò yé ẹnikẹ́ni mọ́. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ọkọ rẹ̀ kò ní gbà, pé a máa tó gbọ́ ohùn rẹ̀.

A kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan, ọ̀gá ẹgbẹ́ òṣèlú, wá láti Abidjan nínú mọ́tò dúdú, wọ́n jókòó tì í ní pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé omi tútù wọlé fún wọn, wọ́n dákẹ́ títí ó fi jáde. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Lúkù jókòó síbẹ̀ tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ kejì ló tó sọ fún un pé, "Sátidé yìí, a ń lọ sí Languibonou. Mo fẹ́ ṣàlàyé òfin tuntun fáwọn ènìyàn mi. Wọ́n á jẹun. Ìwọ ni ìyàwó ilé, wá bá wọn dáná."

"Kí lẹ fẹ́ sọ fún wọn?" ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Ohun tó yẹ kí n sọ," ó ní.

Èmi ni mo bá a kó àwọn ìkòkò ńlá lọ. Ẹ̀yìn ilé Akísí, ìyá Lúkù, ni a ti dáná. Ìrẹsì ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀pà, àti iṣu tí àwọn ìyàwó ẹbí ń gún lápá kan. Iwájú ilé ni wọ́n ta àtíbàbà sí fáwọn àgbà àti àwọn tó wá láti abúlé, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí igi, tó fi jẹ́ pé gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ níwájú là ń gbọ́ lẹ́yìn. Azeezah ń gbé omi lọ gbé omi bọ̀.

Lúkù bẹ̀rẹ̀ ní Baoulé. A gbọ́ Baoulé dáadáa, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Ta ló máa gbé Bouaké láti kékeré tí kò ní gbọ́ ọ? Ó kí àwọn àgbà, ó sọ̀rọ̀ nípa ìyà tó ń jẹ àgbẹ̀, ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn sójà. Ẹ̀gbọ́n mi ń ro ìrẹsì, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ orin tó mọ̀. Lẹ́yìn náà ni Lúkù ní:

"Àwọn kan ń sọ pé òfin yìí le. Wọ́n ní ẹni tí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ àlejò, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí n fi ilé ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Azeezah, wá síbí."

Láti ibi tí mo dúró sí, mo rí ọmọ náà láàárín ilé méjì. Ó gbé tíréè omi dání, ó sì lọ síwájú bẹ́ẹ̀, tòun ti tíréè. Bàbá rẹ̀ dúró níwájú àwọn àgbà, ó nàka sí i.

"Ọmọ mi nìyí. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò ni ìyá rẹ̀. Àlejò rere ni o, ó wà lẹ́yìn ilé tó ń dáná, ẹ máa tó jẹ oúnjẹ rẹ̀." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. "Tí àlejò bá dé, a ń fún un ní ìjókòó, a ń fún un ní omi. Ṣé a ń gbé ọmọ rẹ̀ sórí àga àwọn baba ńlá wa?"

Wọ́n ní rárá. Lọ́dọ̀ tiwọn, ilé ìyá ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó fi ọmọ joyè, torí náà ọ̀rọ̀ yẹn wọ àwọn àgbà létí ṣinṣin.

"Tí ọmọ yìí bá sọ lọ́la pé òun fẹ́ ṣe olórí orílẹ̀-èdè yìí," Lúkù ní, "èmi tí mo bí i ni màá kọ́kọ́ sọ pé rárá. Tí èmi bá lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ọmọ inú mi, ta ló kù tó lè ráhùn?"

Àtẹ́wọ́ náà pọ̀ débi pé ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Azeezah ṣì dúró síbẹ̀. Ẹnì kan nínú àwọn àgbà nawọ́, ó mú ife omi kan lórí tíréè rẹ̀, ó mu ún.

Lẹ́yìn ilé, ọmọ odó dákẹ́. Gbogbo àwọn obìnrin ẹbí náà ń wo ibi tí ẹ̀gbọ́n mi wà láìfẹ́ kí ó mọ̀ pé wọ́n ń wò ó. Ó di orógùn mú, kò ro ìrẹsì, kò gbé e sílẹ̀. Ìyá Lúkù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Sèlí, ìrẹsì ń jóná."

Ẹ̀gbọ́n mi fa igi kan kúrò lábẹ́ ìkòkò.

"Òṣèlú ni," obìnrin arúgbó náà ní. "Bí ọkùnrin ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú èrò nìyẹn. Bu oúnjẹ, ebi ń pa àwọn ènìyàn."

Mo ti ń kó ẹrù wa jọ. Mo sọ fún un ní Yorùbá pé kó jẹ́ ká máa lọ, pé kí Lúkù wá bu oúnjẹ fáwọn baba ńlá rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi mi orí.

"Àwọn tí ebi ń pa kọ́ ló sọ ọ́," ó ní.

Ó bu oúnjẹ náà títí ó fi kan ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ti ọkọ rẹ̀ ló bù kẹ́yìn. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ síwájú, ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ nílé, ó gbé e kalẹ̀ fún un láàárín àwọn ọkùnrin Abidjan yẹn. Lúkù ní, "O ṣé, Sèlí." Ẹ̀gbọ́n mi wo ojú rẹ̀. Oúnjẹ ni Lúkù ń wò.

A kò dúró de mọ́tò rẹ̀. A wọ gbàkà, bọ́ọ̀sì èrò, padà sí Bouaké, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a fi àwọn ìkòkò sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Nígbà tí a fẹ́ wọ ìlú, àwọn jàǹdáámù, ọlọ́pàá ojú ọ̀nà, dá wa dúró. Wọ́n wo káàdì ilé ìwé Azeezah, wọ́n rí orúkọ bàbá rẹ̀, wọ́n dá a padà fún un. Wọ́n wo ìwé ẹ̀gbọ́n mi, tó gbà nípasẹ̀ ọkọ rẹ̀, wọ́n tún yí i wò lẹ́yìn kí wọ́n tó fún un. Tèmi ni wọ́n pẹ́ lé lórí jù, torí ìwé àjèjì ni mo ní. Gbàkà tún gbéra. A ti ń rí iná ọjà nígbà tí Azeezah sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé:

"Nígbà tó pè mí, mo rò pé omi ló fẹ́ kí n pín."

Ìyá rẹ̀ fà á mọ́ra.

Mo sùn sí Broukro lọ́jọ́ náà, mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Lúkù dé. Ó kó àwọn ìkòkò wa sí ẹ̀yìn mọ́tò, ó ti fọ̀ wọ́n mọ́. Ó gbé wọn kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Sèlí, o lọ láìdágbére fún mi."

"O níṣẹ́ lọ́wọ́," ẹ̀gbọ́n mi ní.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ" ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, nínú ìjà àti nínú eré. Mo gbọ́ "o" yẹn, mo rí i pé Lúkù náà gbọ́ ọ. Ó jókòó.

"O kò mọ ohun tí wọ́n sọ fún mi ní pálọ̀ yìí," ó ní. "Wọ́n mọ ṣọ́ọ̀bù bàbá yín. Wọ́n mọ ibi tí o ti ń tajà. Wọ́n ní ọkọ Anago ni wọ́n ń pè mí ní Abidjan. Wọ́n ní ẹgbẹ́ lè fà mí sókè, wọ́n sì lè ní kí wọ́n gbé mi lọ sí ìpẹ̀kun ìwọ̀ oòrùn, kí n lọ máa kọ́ àwọn ọmọ nínú igbó. Ká ní n kò fi yín ṣe àpẹẹrẹ, àwọn fúnra wọn ni ì bá fi yín bú mi."

"O wá yára ṣáájú wọn."

"Ipò olórí orílẹ̀-èdè nìkan ni òfin náà ń sọ. Ta ló fẹ́ ṣe olórí nínú àwọn ọmọ wa? Nasrullah? Ṣebí bọ́ọ̀lù nìkan ló mọ̀."

"Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ ipò?" Ohùn ẹ̀gbọ́n mi kò ròkè. "Mo bímọ fún ọ. Mo sin bàbá rẹ pẹ̀lú rẹ, mo bá ìyá rẹ sunkún. O pè mí ní àlejò níwájú àwọn ènìyàn tí mo ń dáná fún. O sì gbé ọmọ mi dúró kí wọ́n máa wò ó."

"Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbé e dúró ní Dougouba, ìwọ fúnra rẹ pàtẹ́wọ́."

Mo rí i pé ibẹ̀ ló ti gún ẹ̀gbọ́n mi jù, torí òótọ́ ni. Azeezah ló dáhùn, láti ẹnu ọ̀nà yàrá. A kò mọ̀ pé ó ti wà níbẹ̀.

"Ní Dougouba, ẹ gbé ọwọ́ lé mi léjìká, Bàbá," ó ní. "Ní Languibonou, ẹ nàka sí mi."

Lúkù dìde, ó fẹ́ lọ bá a. Ọmọ náà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Bàbá rẹ̀ dúró síbẹ̀, ó pè é ní orúkọ, ó tún pè é.

Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi kó aṣọ rẹ̀ àti ti Azeezah wá sí ilé bàbá wa. Nasrullah kò tẹ̀ lé wọn. Ó ní bàbá òun kò ṣe òun ní nǹkan kan, ó sì fẹ́ wà nítòsí àwọn tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀gbọ́n mi kò fi agbára mú un. Ó fi ẹnu kò ó lórí, ó sọ fún un ibi tí ọbẹ̀ wà.

Ọjọ́ ìdìbò, ó lọ. Èmi kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, mo kàn sìn ín ni. Ìlà gùn nínú ọgbà ilé ìwé náà, oòrùn sì mú. Kò pẹ́ tí Lúkù fi dé, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, àwọn ènìyàn ń kí i. Ó wá dúró ti ẹ̀gbọ́n mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín sáwọn tó wà nítòsí.

"Ìyàwó mi náà ti dé," ó sọ fún wọn ní Faransé. "Ẹ rí i, gbogbo ilé wa ló wà lẹ́yìn òfin tuntun."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí àwọn tó wà lórí ìlà. Kò pariwo, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ọ.

"Rárá ni mo wá dì," ó ní. "Ẹ má jẹ́ kó purọ́ mọ́ mi."

Obìnrin kan rẹ́rìn-ín, ó tún fọwọ́ bo ẹnu. Lúkù dúró díẹ̀, ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀ bí ohun tó gbàgbé síbẹ̀, lẹ́yìn náà ó wo aago, ó lọ. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ó dìbò rẹ̀, ó jáde. Nígbà tí wọ́n ka èsì, bẹ́ẹ̀ ni ló wọlé, ó sì fi rárá sílẹ̀ jìnnà réré. Wọ́n kéde rẹ̀ lórí rédíò, bàbá wa sì ní kí n pa á.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Kò tíì parí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Àlàájì Àwáàlù kó àwọn àgbà wá sílé wa lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n béèrè ẹ̀gbọ́n mi. Ó jáde, ó kúnlẹ̀ kí wọn.

"Ọmọ mi," Àlàájì ní, "ohun tí ọkọ rẹ ṣe kò dára. Gbogbo wa gbọ́, ó sì dùn wá. Ṣùgbọ́n wo ìgbà tí a wà yìí. Wọ́n ń gba ìwé lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa lójú pópó. Ọjọ́ tí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà wa, ta ni a máa ké sí? Òun nìkan la ní lọ́dọ̀ wọn, ipò rẹ̀ sì ń ga sí i. Tí o bá kọ̀ ọ́ sílẹ̀, àna ta ni yóò jẹ́ mọ́? Padà sílé."

Bàbá wa ni ẹ̀gbọ́n mi ń wò. Ẹ rántí pé bàbá wa ni kò fẹ́ ìgbéyàwó yẹn látìbẹ̀rẹ̀. Èmi fúnra mi ń retí pé kó lé gbogbo wọn jáde.

"Àlàájì sọ òótọ́," bàbá wa ní. "Padà sílé ọkọ rẹ."

"Bàbá?"

"Ní Kumasi, a kò ní ẹnikẹ́ni. Ká ní a ní ẹyọ ọmọ onílẹ̀ kan tó lè jáde, kó sọ pé ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ènìyàn mi ni wọ́n, ìyá rẹ ì bá máà fi oyún rin ọ̀nà yẹn. Mo ti darúgbó, Sèlíátù. N kò lè tún dìde lẹ́ẹ̀kejì. Gbé e mì."

Ẹ̀gbọ́n mi pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tó dìde, ó gbọn eékún rẹ̀.

"Bàbá, Lúkù fi mí ra ipò," ó ní. "Ẹ̀yin fẹ́ fi mí ra ààbò. Ta ló bi mí bóyá títà ni mo wà fún?"

Àwọn àgbà náà ń wo ilẹ̀. Àlàájì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé a kì í bá bàbá ẹni sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, bàbá wa gbé ọwọ́ sókè pé kó fi sílẹ̀. Kò sọ pé òun ṣe àṣìṣe. Kò sì tún sọ pé kó padà. Kí oṣù yẹn tó parí, ẹ̀gbọ́n mi ti gba yàrá kan nínú agboolé kan lẹ́yìn ọjà, òun àti Azeezah. Kò bá bàbá wa jà. Ó ń kí i, ó ń gbé ọbẹ̀ wá fún un, ṣùgbọ́n kò jókòó pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ọdún náà kò fún ẹnikẹ́ni nísinmi. Wọ́n dìbò olórí orílẹ̀-èdè nínú ìjà, àwọn sójà lọ, ìjọba mìíràn dé, ọ̀rọ̀ ojúlówó àti àlejò kò sì lọ síbì kan. Iṣẹ́ aṣọ ni mò ń ṣe. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, mo ń bọ̀ láti ibi tí mo ti gbé aṣọ fún oníbàárà nígbà táwọn jàǹdáámù dá mi dúró. Ìwé mi ti kọjá àkókò. Mo ti gbé e lọ fún àtúnṣe, wọn kò tíì dá mi lóhùn. Wọ́n kó mi pẹ̀lú àwọn mìíràn sínú ọgbà kan, wọ́n ní ká jókòó sílẹ̀. Oòrùn ń pa wá. Ẹnì kan nínú wọn ń rìn láàárín wa, ó ń sọ pé kí àwọn Anago máa múra láti padà sí ibi tí wọ́n ti wá. Mo rò ó pé níbo ni ìyẹn. Oyún ni mí nígbà tí mo dé.

Bàbá wa gbọ́, ó sáré lọ bá Àlàájì. Àlàájì lọ bá Lúkù. Lúkù dé nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, ó wọ kóòtù. Ẹgbẹ́ ti fún un ní ipò nígbà náà, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ó bá ọ̀gá wọn bọwọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín pọ̀, ó sì nawọ́ sí mi.

"Tèmi nìyẹn," ó ní. "Àbúrò ìyá àwọn ọmọ mi ni."

Wọ́n ní kí n dìde. Ó gbé mi sínú mọ́tò rẹ̀. Mo ti ní èébú púpọ̀ fún un láti oṣù Keje, mo ti to gbogbo rẹ̀ jọ. Ẹsẹ̀ ń ro mí, ọ̀fun mi gbẹ. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti yà, mo ní, "Ẹ ṣeun."

Ó pa mọ́tò, kò jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀ kíákíá.

"Bàṣírátù, ṣé Sèlí máa ń dárúkọ mi?"

"Rárá," mo sọ fún un. Òótọ́ ni.

"Azeezah ńkọ́?"

Mo yíjú sí fèrèsé. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ lórí ìtọ́kọ̀, ó ní kí n kí wọn, ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún mi.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mo lọ tààrà. Ó ń to bàsíà síta, Azeezah ń kàwé lórí ẹní. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí wọ́n ṣe mú mi, ohun tí wọ́n sọ, ẹni tó wá gbà mí. Ó gbọ́ ọ tán láìdá mi lẹ́nu.

"Ó dára tó wá," ó ní. "Kí Ọlọ́run san án fún un."

"Ṣé wàá padà sọ́dọ̀ rẹ̀ ni?"

"Ṣé o ti jẹun?"

Mo ní n kò tíì jẹun. Ó wọlé, ó bu oúnjẹ fún mi, ó jókòó tì mí bí mo ṣe ń jẹ ẹ́.

"Ká ní ènìyàn burúkú ni," ó ní, "ì bá rọrùn fún mi."

Azeezah gbé ojú sókè láti inú ìwé rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀, ó tún padà sínú ìwé. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ eruku bo gbogbo àgbàlá. Ẹ̀gbọ́n mi ní tí mo bá ti jẹun tán, kí n bá òun nu àwọn bàsíà náà, ká sì kó wọn wọlé.